Àká Àrọ́wọ́tó: Bí A Ṣe Ń Ṣàkóso Ìpamọ́ Àwọn Ẹ̀yà Ojú-Ewé Nínú Pọ́tálì Java, àti Bí Ó Ṣe Kan Olùkọ́ àti Olùdánwò

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣàkóso ìpamọ́ àwọn ẹ̀yà ojú-ewé nínú pọ́tálì tí a fi èdè kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní Java kọ. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan bèèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wà nílẹ̀. Ìdáhùn wa kò gùn. Àwa ni a ń fi máàkì sí orí pọ́tálì. Àwa ni akẹ́kọ̀ọ́ ń wá bá nígbà tí máàkì tí ó rí kò bá èyí tí a sọ fún un mu. Nínú gbogbo ohun tí ilé-ìwé tàbí ìgbìmọ̀ ìdánwò ń gbé jáde, àwa náà ni a mọ èyí tí ó lè pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yí padà àti èyí tí kò gbọdọ̀ pẹ́ rárá. Onímọ̀ ẹ̀rọ kò lè mọ èyí bí a kò bá sọ fún un. A kò sì lè sọ ọ́ bí ó ti yẹ bí a kò bá mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí a ó máa tọ́ka sí títí dé òpin. Kí a gbà pé ilé-ìwé girama kan wà ní Ìkẹ́nnẹ́ tí ó ní pọ́tálì tirẹ̀. Kì í ṣe ilé-ìwé kan pàtó ni a ní lọ́kàn. Ìlú náà ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ kò ṣàjèjì sí i láti ìgbà tí Tai Ṣólàrín ti dá Mayflower School sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1956, àti nítorí pé orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀ yóò wúlò fún wa ní ìpín kẹfà. Ojú-ewé àkọ́kọ́ pọ́tálì yìí ní ẹ̀yà márùn-ún:

(a) ìkéde ilé-ìwé;
(b) àtẹ àkókò iṣẹ́;
(d) máàkì akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wọlé;
(e) àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí fún ẹ̀kọ́ Yorùbá;
(ẹ) àpótí ìwárí, níbi tí a ti lè fi orúkọ ìlú tàbí ti ènìyàn wá ohun tí a ń fẹ́.

2. Àwọn ọ̀rọ̀-ìperí tí a ó lò

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a fẹnu kò lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìdìpọ̀ kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú ìdìpọ̀ kejì ní 1990, ṣe gudugudu méje fún àwa tí a ń kọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n dáwọ́ lé. Nítorí náà àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ àbá tiwa, a sì ń retí pé kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa gbé wọn yẹ̀ wò.

Pọ́tálì ni ojú-ewé kan ṣoṣo tí a ti ń rí ohun púpọ̀ tí ó wá láti ibi púpọ̀. A lè fi í wé agbo-ilé. Ẹnu-ọ̀nà kan ni gbogbo ènìyàn ń gbà wọlé, ṣùgbọ́n yàrá pọ̀ níbẹ̀, onílé kọ̀ọ̀kan ni ó sì mọ ohun tí ó ń sè. Ohun tí àwọn onímọ̀ Java ń pè ní portlet ni àwa ń pè ní ẹ̀yà níhìn-ín. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe abala tirẹ̀. Iṣẹ́ pọ́tálì ni láti kó gbogbo abala wọ̀nyí jọ di odidi ojú-ewé. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí ó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà yòókù lóhùn, níbi tí pọ́tálì náà wà.

Ohun tí wọ́n ń pè ní cache ni ó ṣòro díẹ̀. Bí a bá pè é ní 'ìpamọ́' lásán, a kò fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ohun tí a fi pamọ́ pátápátá àti èyí tí a kàn gbé sí itòsí fún ìgbà díẹ̀. Bí a bá sì pè é ní 'àká' lásán, ìtumọ̀ náà kò pé, nítorí pé ojúlówó irè oko ni ó ń wà nínú àká. Bí àká bá jóná, irè lọ nìyẹn. Ẹ̀dà nìkan ni ó wà nínú cache. Bí ó bá parẹ́, a ó tún òmíràn ṣe láti ibi tí ojúlówó wà. Nítorí náà a dábàá 'àká àrọ́wọ́tó' fún cache, 'orísun' fún ibi tí ojúlówó wà, àti 'ẹ̀dà kàsì' fún ẹ̀dà tí orísun rẹ̀ ti yí padà ṣùgbọ́n tí òun kò tíì yí padà. Gbogbo wa ni a mọ oúnjẹ kàsì. Ó lè ṣeé jẹ, ó sì lè dá inú rú. Èyí tí a ń jẹ àti ẹni tí ń jẹ ẹ́ ni yóò sọ.

3. Ìdí tí àká àrọ́wọ́tó fi wà

Kí a gbà pé 600 akẹ́kọ̀ọ́ ṣí pọ́tálì Ìkẹ́nnẹ́ wa láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ní ọjọ́ tí èsì jáde. Ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀yà márùn-ún. Bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan bá ń lọ sí orísun ní gbogbo ìgbà, ìrìn-àjò 3,000 ni sáfà yóò rìn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìkéde tí akẹ́kọ̀ọ́ kìíní kà ni ẹni tí ó gbẹ̀yìn láàárín wọn náà yóò kà. Bí a bá fi ẹ̀dà ìkéde náà sí àká àrọ́wọ́tó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ìrìn-àjò kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo wọn. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún àtẹ àkókò àti àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí pẹ̀lú, sáfà yóò ní ààyè láti dá àwọn tí ó ń bèèrè máàkì lóhùn láìdákú.

Àwọn ará Rẹ́mọ tí ó ń ṣòwò obì mọ ẹ̀kọ́ yìí tipẹ́. Obì gbànja tí a kó sínú agbọ̀n, tí a sì fi ewé tútù bò, wà nítòsí fún oníbàárà. Kò sí ẹni tí yóò máa sáré lọ sí oko ní gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá dé. Ṣùgbọ́n ewé a máa gbẹ, kòkòrò a sì máa wọ obì. Oníṣòwò tí ó mọṣẹ́ a máa ṣí agbọ̀n wò lóòrèkóòrè, a máa ṣa èyí tí ó ti bàjẹ́ kúrò, a sì máa pààrọ̀ ewé. Ìṣàkóso àká àrọ́wọ́tó kò ju èyí lọ: kí ni a ó kó sínú agbọ̀n, ìgbà wo ni a ó ṣí i wò, ta ni a sì lè tà á fún?

Ó yẹ kí a fi kún un pé agbọ̀n náà kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ̀dà lè wà nínú ìrántí sáfà tí pọ́tálì wà lórí rẹ̀. Ó lè wà nínú ẹ̀rọ alárinà kan láàárín sáfà àti ònkàwé. Ó sì lè wà nínú bráwúsà, ìyẹn ètò tí ònkàwé fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹni tí ó bá pa ẹ̀dà kan rẹ́ ní ibì kan, tí ó gbàgbé ibi méjì yòókù, kò tíì ṣe nǹkan.

4. Àwọn ọ̀nà ìṣàkóso

Java jáde ní 1995 láti ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems, tí Oracle rà ní 2010. Kí ẹ̀yà tí a kọ fún pọ́tálì kan lè ṣiṣẹ́ nínú pọ́tálì mìíràn, àwọn onímọ̀ Java ṣe òfin àjùmọ̀lò. Èkíní, tí a ń pè ní JSR 168, jáde ní oṣù kẹwàá 2003. Èkejì, JSR 286, jáde ní oṣù kẹfà 2008. Ẹ̀kẹta, JSR 362, sì jáde ní 2017. Láti inú méjì àkọ́kọ́ ni a ti rí ọ̀nà mẹ́rin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí.

4.1 Àkókò

Gbogbo ẹ̀yà ni ó ní ìwé àlàyé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ portlet.xml. Nínú ìwé yìí ni a ti ń sọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ẹ̀dà ẹ̀yà náà lè lò nínú àká kí a tó dà á nù:

(1) <expiration-cache>300</expiration-cache>

Ìtumọ̀ (1) ni pé ẹ̀dà náà lè lo 300 ìṣẹ́jú-àáyá, ìyẹn ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí a bá kọ 0, a kò gbọdọ̀ pa ẹ̀dà mọ́ rárá. Bí a bá kọ -1, ẹ̀dà náà kò ní ọjọ́ ìparí. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé òǹkà yìí kì í ṣe àdéhùn pé ẹ̀dà yóò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó lè pẹ́ dé ni. Òfin gba pọ́tálì láàyè láti da ẹ̀dà nù ṣáájú àkókò bí ìrántí sáfà bá kún.

Òfin JSR 168 tún sọ nǹkan méjì tí ó ṣe pàtàkì fún wa. Àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀dà tí a ṣe fún oníṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Èkejì ni pé bí oníṣẹ́ kan bá ṣe nǹkan nínú ẹ̀yà kan, bí àpẹẹrẹ bí ó bá kọ máàkì tuntun tí ó sì fi ránṣẹ́, pọ́tálì yóò da ẹ̀dà tí oníṣẹ́ náà ní nù, yóò sì ṣe tuntun fún un.

Bí a bá pa òfin méjèèjì yìí pọ̀, a ó rí ìdí aáwọ̀ kan tí ó lè dìde láàárín olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ ti ṣèèṣì kọ 26 dípò 62. Ó padà sínú ẹ̀yà náà, ó tún un ṣe, ó sì rí 62 lójú ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Akẹ́kọ̀ọ́ ṣí fóònù rẹ̀, 26 ni ó ṣì wà níbẹ̀. Olùkọ́ rò pé akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe àgídí; akẹ́kọ̀ọ́ rò pé olùkọ́ ń tan òun. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ẹ̀dà olùkọ́ ni pọ́tálì dà nù nítorí pé òun ni ó fọwọ́ kan ẹ̀yà náà; ẹ̀dà akẹ́kọ̀ọ́ ṣì wà nínú àká títí àkókò rẹ̀ yóò fi pé. Bí a bá fún ẹ̀yà máàkì ní wákàtí kan, wákàtí kan ni aáwọ̀ náà lè pẹ́ dé. Bí a bá fún un ní 0, kò ní ṣẹlẹ̀ láti ọ̀dọ̀ sáfà.

4.2 Ẹni tí ó ni ẹ̀dà

Nígbà tí JSR 286 dé ní 2008, ó fi ohun kan kún ti ìṣáájú. Ó gbà kí a sọ bóyá ẹ̀dà jẹ́ ti ẹnì kan tàbí ti gbogbo ayé. Orúkọ ètò yìí ni cache-scope. Bí a bá kọ private, ẹni tí a ṣe ẹ̀dà fún nìkan ni ó ni ín. Bí a bá kọ public, gbogbo oníṣẹ́ lè pín in lò. Bí a kò bá kọ nǹkan kan, private ni òfin gbà pé a ní lọ́kàn. Ìṣọ́ra ni èyí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ìkéde ilé-ìwé àti àtẹ àkókò lè jẹ́ public, nítorí pé ohun kan náà ni gbogbo ènìyàn ń rí. Ẹ̀yà máàkì kò lè jẹ́ public láéláé. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti gbé máàkì akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ́kọ́ wọlé lé gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e lọ́wọ́.

4.3 Ìfìdímúlẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀dà tí àkókò rẹ̀ pé ni ó ti di kàsì. Ó lè jẹ́ pé nǹkan kan kò yí padà ní orísun. JSR 286 gbà kí ẹ̀yà lu òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà rẹ̀. ETag ni wọ́n ń pe òǹtẹ̀ yìí. Bí àkókò ẹ̀dà bá pé, pọ́tálì yóò gbé òǹtẹ̀ náà padà fún ẹ̀yà, bí ẹni pé ó ń bèèrè pé: 'Èyí tí mo ní lọ́wọ́ nìyí, ṣé ó ṣì jẹ́ òtítọ́?' Bí ó bá ṣì jẹ́ òtítọ́, ẹ̀yà yóò dáhùn pé kí ó máa lò ó lọ, yóò sì fún un ní àkókò tuntun, láìtún ojú-ewé ṣe. Ọ̀nà yìí wúlò púpọ̀ fún àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí, tí ó gùn, tí kì í sì í yí padà lójoojúmọ́.

4.4 Ìyípadà lákòókò iṣẹ́

Òǹkà tí ó wà nínú portlet.xml kì í gbọ́n. Kí a gbà pé a fẹ́ ṣí èsì ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú méjì, akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣí ojú-ewé, ó sì rí 'Èsì kò tíì jáde'. Bí àkókò ẹ̀yà náà bá jẹ́ 3600 ìṣẹ́jú-àáyá, gbólóhùn yìí ni yóò máa rí títí di aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú méjì, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jó. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ̀yà náà fúnra rẹ̀ ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ó kù kí aago mẹ́jọ lù, kí ó sì fi ìyẹn ṣe àkókò ẹ̀dà rẹ̀. Ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú méjì, 120 ni yóò kọ. Òfin méjèèjì gba ẹ̀yà láàyè láti yí àkókò padà báyìí. Ṣùgbọ́n lábẹ́ JSR 168, bí a kò bá kọ́kọ́ kọ expiration-cache sínú portlet.xml, pọ́tálì yóò kọ etí ikún sí ohun tí ẹ̀yà bá sọ lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó ń lo pọ́tálì àtijọ́ gbọ́dọ̀ rántí èyí.

4.5 Ọ̀rọ̀ bráwúsà

Gbogbo ohun tí a ti ń sọ bọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ sáfà ni. Fún bráwúsà àti ẹ̀rọ alárinà, àṣẹ mìíràn ni a ń lò, tí a ń pè ní Cache-Control. Ìwé òfin tí ó ṣe àlàyé rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ ni RFC 9111 tí ó jáde ní 2022. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ ti wọlé, tí ó yẹ kí ó dùn mọ́ àwa olùkọ́ èdè nínú. Àṣẹ méjì kan wà tí ó jọra: no-cache àti no-store. Ẹni tí ó bá tú no-cache ní olówuuru yóò sọ pé 'má ṣe fi pamọ́'. Ìtumọ̀ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ohun tí ó ń sọ ni pé 'o lè fi pamọ́, ṣùgbọ́n má ṣe lò ó láìkọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ orísun'. No-store ni ó ń sọ pé 'má ṣe fi pamọ́ rárá'. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lọ wo máàkì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà àwọn oníkàfé, tí ó sì dìde, kò fẹ́ kí ẹni tí ó jókòó tẹ̀ lé e rí ohun tí òun rí. No-store ni ẹ̀yà máàkì nílò. A rí i níhìn-ín pé àṣìtúmọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè tú àṣírí ènìyàn.

5. Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ rí

Kí a má baà rò pé àròsọ ni ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a wo ìṣẹ̀lẹ̀ méjì.

Ní ọjọ́ Kérésìmesì 2015, ilé-iṣẹ́ Valve ní Amẹ́ríkà, tí ó ni ọjà eré orí kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní Steam, bá ìkọlù ọ̀pọ̀ ìbéèrè pàdé lórí sáfà wọn. Wọ́n yí ètò àká àrọ́wọ́tó padà kí ọjà wọn má baà dákú. Àṣìṣe wà nínú ètò tuntun kan lára èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀, ó sì ń fi ojú-ewé ẹnì kan ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kéde lẹ́yìn náà pé ojú-ewé nǹkan bí 34,000 oníbàárà ni ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn ti rí láàárín nǹkan bí wákàtí kan ààbọ̀. Ohun tí a sọ ní 4.2 gan-an nìyí: ohun tí ó jẹ́ ti ẹnì kan di ti gbogbo ayé.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kejì súnmọ́ wa ju ti ìṣáájú lọ. Ní oṣù karùn-ún 2025, JAMB kéde pé 379,997 akẹ́kọ̀ọ́ ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún ìhà Gúúsù-Ìlà-Oòrùn yóò tún ìdánwò ìwọlé Yunifásítì wọn ṣe. Àlàyé tí àjọ náà ṣe ni pé àtúnṣe kan tí wọ́n ṣe sí ètò ìdánwò dé ọ̀dọ̀ àwọn sáfà tí ń ṣiṣẹ́ fún àwọn agbègbè yòókù, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti Gúúsù-Ìlà-Oòrùn. Ó yẹ kí a sọ ọ́ kedere pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àká àrọ́wọ́tó. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Nígbàkigbà tí òtítọ́ kan bá wà ní ibi púpọ̀, ìbéèrè tí ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e ni pé: ta ni yóò rí i dájú pé àtúnṣe dé gbogbo ibẹ̀? Nígbà tí a kò bá bi ìbéèrè náà ní àkókò, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń san gbèsè rẹ̀.

6. Orúkọ Ìkẹ́nnẹ́ àti àmì ohùn

Ìṣòro kan wà tí ó jẹ́ ti àwa Yorùbá gan-an, tí àwọn tí ó ṣe òfin portlet kò ní ìdí láti ronú lé lórí. Gbogbo ẹ̀dà tí ó wà nínú àká ni ó ní orúkọ tí a fi ń pè é jáde. Bí ònkàwé bá kọ 'Ìkẹ́nnẹ́' sínú àpótí ìwárí, pọ́tálì lè fi ọ̀rọ̀ náà gan-an ṣe orúkọ fún èsì ìwárí tí ó fi pamọ́. Ojú wa rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà lè rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú ètò Unicode, tí gbogbo kọ̀ǹpútà òde òní fi ń kọ lẹ́tà, ọ̀nà mẹ́rin ni a lè gbà kọ ẹ́ tí ó ní àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè:

(2) (a) ẹ tí ó ti ní àmì ìsàlẹ̀ lára, kí a wá fi àmì òkè lé e;
(b) é tí ó ti ní àmì òkè lára, kí a wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i;
(d) e lásán, àmì ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà àmì òkè;
(e) e lásán, àmì òkè, lẹ́yìn náà àmì ìsàlẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà kọ Ì: kí ó jẹ́ lẹ́tà kan tí ó ti ní àmì lára, tàbí kí ó jẹ́ I lásán tí a fi àmì ìsàlẹ̀-ohùn lé. Nínú 'Ìkẹ́nnẹ́', Ì kan àti ẹ́ méjì ni ó wà. Ìṣirò rẹ̀ ni 2 × 4 × 4, tí ó jẹ́ 32. Ọ̀nà 32 ni a lè gbà kọ orúkọ ìlú yìí, tí gbogbo wọn yóò sì rí bákan náà lójú.

Àbájáde rẹ̀ ni pé pọ́tálì lè pa èsì kan náà mọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejìlélọ́gbọ̀n. Èyí tí ó burú jù ni pé bí a bá tún ohun kan ṣe tí a sì pa ẹ̀dà kan rẹ́, 31 yòókù lè ṣì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dà kàsì. Ẹni tí ó fi fóònù kọ orúkọ náà yóò rí ohun tuntun. Ẹni tí ó fi kọ̀ǹpútà kọ ọ́ yóò rí ti àná.

Oògùn rẹ̀ wà nínú Java fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí Java 6 ti jáde ní 2006 ni ohun èlò kan tí a ń pè ní java.text.Normalizer ti wà nínú rẹ̀. Bí a bá fi í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di ìrísí tí a ń pè ní NFC kí a tó lò ó gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹ̀dà, gbogbo 32 yóò di ọ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àwọn kan lára wa ṣì ń fa ilà kékeré sábẹ́ e àti o dípò àmì tóótó. Lójú Unicode, àmì ọ̀tọ̀ pátápátá ni ilà yẹn, Normalizer kò sì ní sọ wọ́n di ọ̀kan. Bákan náà ni 'Ikenne' tí kò ní àmì kankan jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn sí i. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni yóò kọ ètò tí yóò pa wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ Yorùbá ni yóò sọ fún un èyí tí ó yẹ kí a pa pọ̀ àti èyí tí kò yẹ. Bí a bá gé gbogbo àmì kúrò kí iṣẹ́ lè rọrùn, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọkọ yóò di ọ̀rọ̀ kan náà nínú àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí wa.

7. Ìmọ̀ràn

Pẹ̀lú gbogbo ohun tí a ti sọ, a lè pín àwọn ẹ̀yà márùn-ún pọ́tálì Ìkẹ́nnẹ́ wa báyìí:

(a) Ìkéde: public, 300. Bí ìkéde bá ní aago tí ó gbọ́dọ̀ jáde, kí ẹ̀yà máa ka àkókò rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí a ti sọ ní 4.4.
(b) Àtẹ àkókò: public, 3600, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, kí a dín in kù sí 300, nítorí pé yàrá ìdánwò lè yí padà lójijì.
(d) Máàkì: private, 0, kí bráwúsà sì gba no-store.
(e) Àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí: public, 86400, ìyẹn odidi ọjọ́ kan, pẹ̀lú òǹtẹ̀. A kò fara mọ́ -1 níhìn-ín pàápàá. Ọ̀rọ̀-ìperí tí a fi àmì ohùn rẹ̀ sí ibi tí kò yẹ gbọ́dọ̀ lè kúrò níwájú akẹ́kọ̀ọ́ láàárín ọjọ́ kan.
(ẹ) Àpótí ìwárí: kí a sọ ọ̀rọ̀ di NFC kí a tó fi í ṣe orúkọ. Bí èsì ìwárí bá yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ kan sí èkejì, private ni kí ó jẹ́.

A kò sọ pé òǹkà wọ̀nyí ni gbogbo ilé-ìwé gbọ́dọ̀ lò. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni ìbéèrè tí a fi rí wọn, tí olùkọ́ tàbí olùdánwò èyíkéyìí lè bi onímọ̀ ẹ̀rọ láìmọ Java kọ. Èkíní: bí mo bá yí nǹkan padà báyìí, ìgbà wo ni ẹni tí ó pẹ́ jù yóò rí i? Èkejì: ṣé ọ̀nà kan wà tí ẹlòmíràn lè gbà rí ẹ̀dà tí a ṣe fún mi? Ẹ̀kẹta: bí ẹ̀dà kàsì bá jáde, ta ni ó lè pa á rẹ́, ní ibi mélòó sì ni? Pọ́tálì tí a kò bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta yìí lórí rẹ̀ kò tíì yẹ fún máàkì ọmọ ẹnikẹ́ni.

8. Àgbálọgbábọ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé àká àrọ́wọ́tó jẹ́ ibi tí ẹ̀dà ń wà, pé àkókò, ẹni tí ó ni ín, òǹtẹ̀ àti ìyípadà lákòókò iṣẹ́ ni ọ̀nà tí àwọn òfin Java pèsè fún ìṣàkóso rẹ̀, àti pé bráwúsà ní àṣẹ tirẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ ṣì túmọ̀. A tún fi hàn pé àkọtọ́ Yorùbá fúnra rẹ̀ ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀-ìperí kọ̀ǹpútà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju 'àká àrọ́wọ́tó' tàbí 'ẹ̀dà kàsì' lọ, a ó gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀. Ní báyìí ná, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé fóònù wá tí ó sọ pé 26 ni òun ṣì ń rí, kí a kọ́kọ́ bèèrè pé aago mélòó ni ó ṣí ojú-ewé náà kí a tó pè é ní òpùrọ́.